Dúdú fún Akọni, Olómi Ọsàn fún Arẹwà

Tí mo bá ti gbọ́ gbohùngbohùn ní Ìdúmọ̀tà, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rántí. Nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ kó máa polówó ẹlẹ́rìndòdò: “Ẹ̀yin akọni, dúdú ni tiyín o! Ẹ̀yin arẹwà, ẹ wá gba olómi ọsàn!” Fún ọkùnrin, á wú iṣan apá bí afẹ̀ṣẹ́jà, fún obìnrin, á rọ ohùn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Èmi tí mo sá kúrò ní súkúù torí ìṣirò, mo gbà á gbọ́ pátápátá. Mò ń mu dúdú, mò ń wo apá mi nínú dígí. Ìgbálẹ̀ ṣì sanra jù mí lọ.

Òun náà gba ara ẹ̀ gbọ́. Kì í mu omi mọ́, dúdú nìkan ni, síbẹ̀ òùngbẹ ò fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù bo ibi tó bá tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù.”

“Ọkùnrin tó ń mu dúdú, àìsàn wo ló máa kò ó lójú?”

Lọ́jọ́ kan tí mo bá a dúró sẹ́yìn ọkọ̀, alábàárù onírùngbọ̀n kan dúró síwájú ẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi rọ ohùn, ó na olómi ọsàn sí i: “Arẹwà, tiyín rè é.”

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Èmi òpè ni mo rẹ́rìn-ín jù, mo rò pé àwàdà ni. Ó fọwọ́ wá mi títí tó fi rí èjìká mi dì mú.

“Àbúrò, ṣé ilẹ̀ ti ń ṣú ni?”

Oòrùn ọ̀sán gangan ló wà lórí wa.