Ìmọ̀ràn Tí Mo Kà fún Màmá

Bí mo bá gbọ́ ìró odó, ara mi kì í balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan l'Adó, tísà ní ká fi "can" kọ ohun tí ìyá wa lè ṣe, ká fi "should" gbà á nímọ̀ràn. Mo kọ ọ́ pé ó lè gúnyán, pé ó yẹ kó lọ sọ́sibítù.

Nígbà tí mo mú ìwé náà délé, Màmá dá iyán gígún dúró, ó tún di àyà mú bó ṣe máa ń ṣe. Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé àìsàn ọkàn tó pa á ti wà lára rẹ̀.

"Kà á sí mi létí."

Mo kà á. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

"Òyìnbó dúdú! Kí lo wí?"

Mo dìde, mo tún jókòó. Ta ni mí tí n ó fi gba ìyá mi nímọ̀ràn?

"Mo ní ẹ lè gúnyán, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ odó. "Òótọ́ ni. Máa wò mí."