Ojú Ìwé Tí Agogo Kò Ya

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fojú kan ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Agogo, ẹnu géètì ilé ìwé tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ló dúró sí. Ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́, ó ń wá iṣẹ́ aṣọ́nà. Ọ̀gá wa obìnrin bi í bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún òun, oṣù mẹ́rin lòun lò níbẹ̀. Kí ọ̀gá tó bi í pé kí ló ṣe, òun náà béèrè tirẹ̀: ṣé géètì yìí ní àgádágodo? Ọ̀gá ní rárá, òkúta la fi ń dá a dúró. Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun á ṣe é. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn, níbi tí a ti máa ń jókòó lábẹ́ igi lọ́sàn-án, ni mo ti gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ ìránṣọ kan. Obìnrin bí ogójì ló ń jókòó ti ẹ̀rọ nínú gbọ̀ngàn gígùn kan níbẹ̀, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni gbọ̀ngàn náà ní, ó ṣí sí àgbàlá, géètì onírin sì wà ní òpin àgbàlá. Ẹ̀gbẹ́ géètì ni yàrá Agogo wà, kò ju ibi tí àga kan lè gbà lọ. Ìwé ńlá kan wà lórí pákó tó kàn mọ́ ògiri, wọ́n so bírò mọ́ ọn lára. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un pé ẹnu a máa gbàgbé, ìwé kì í gbàgbé, Agogo sì gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba oúnjẹ. Bó bá ṣí géètì, á kọ aago tó ṣí i. Bó bá tì í, á kọ ọ́. Àwọn aránṣọ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọ̀kan bá sín bó ṣe ń kọjá, á ní, "Bọ̀dá Agogo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o, mo sín láago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta." Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn aránṣọ, apá aṣọ ni tirẹ̀, kò sí ẹni tó lè rán an gún bíi tirẹ̀. Òun ló tọ́ Agogo dàgbà nígbà tí òbí wọn kú, òun ló sì bá a wá iṣẹ́ géètì. Lójoojúmọ́, bí aago kan bá ti lù, á gbé oúnjẹ rẹ̀ wá sí yàrá kékeré yẹn, á fi irin tí aránṣọ máa ń fi bọ ìka kan géètì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó, kó, kó, àwọn méjèèjì á sì jẹun nínú abọ́ kan. Bí Agogo bá ń sọ èyí, ìka rẹ̀ a máa kan orúnkún rẹ̀ láìmọ̀.

Ọmọ kan ni ẹ̀gbọ́n náà bí, obìnrin. Ó jọ ìyá wọn tó ti kú, ìdí nìyẹn tí Agogo fi ń pè é ní Ìyá Kékeré. Orí èjìká Agogo ló ti kọ́ àtika nọ́ńbà ilé àdúgbò. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ wá láti ìlú òkèèrè. Ọjọ́bọ̀ kan ni yóò lọ, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ yóò gbéra ní gáréèjì. Ìyá rẹ̀ ti tọrọ àyè lọ́wọ́ alábòójútó láti àná pé òun fẹ́ sìn ín dé ìdí ọkọ̀, alábòójútó sì ti gbà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí aago mẹ́ta àbọ̀ kọjá díẹ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá. Aṣọ kan gbọ́dọ̀ jáde láàárọ̀ ọ̀la, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ títí wọn ó fi rán an tán. Ó ní kí Agogo ti géètì, kó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Agogo tì í. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Agogo, ṣí i fún mi. Ọmọ rẹ ń lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá ní kí n má ṣí i fẹ́nikẹ́ni. Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Àbí ẹ ò mọ mọ́tò gáréèjì ni? Bí wọ́n bá pe aago márùn-ún, ẹ yáa ka mẹ́fà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé ọwọ́ àbúrò òun kò lọ sápò, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jáde wá, wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀, àwọn kan ń bú. Òun kò bú u. Ó fi irin ìka rẹ̀ kan géètì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ìgbà tó bá gbé oúnjẹ wá. Agogo tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀. Obìnrin náà bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé báàgì lé itan.

Aago méje, nígbà tí wọ́n rán aṣọ náà tán, ni Agogo tó ṣí géètì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ọjọ́ yẹn, nínú gbogbo ọjọ́, ọkọ̀ gbéra láago márùn-ún géérégé. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì sọ lẹ́yìn náà pé ọmọ náà kọ̀, kò jókòó, ó ń yọrí wo ọ̀nà títí dẹ́rẹ́bà fi ní òun á já a sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kan géètì lẹ́ẹ̀mẹ́ta mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò padà wá síbi iṣẹ́.

Aláboyún kan dákú nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, ọkọ rẹ̀ ló lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ọ̀gá ní irọ́ ni, géètì wà ní ṣíṣí, àwọn obìnrin náà ló fẹ́ràn iṣẹ́ tí wọn ò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, alábòójútó wá bá Agogo, ó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní ojú ìwé kan ṣoṣo ni, kó ya á, ọ̀gá yóò sì fi í ṣe olórí gbogbo aṣọ́nà. Agogo ní òun gbọ́. Nígbà tí alábòójútó lọ, Agogo ka ohun tó kọ:

"Aago mẹ́ta àbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún: ọ̀gá ní kí n ti géètì. Mo tì í. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí kí n ṣí i. N kò ṣí i. Aago mẹ́rin àbọ̀: ó kan géètì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò ṣí i. Aago méje: mo ṣí i."

Ó rò ó pé bí òun bá ya ojú ìwé yìí, kò ní sí ibì kankan láyé tí a kọ ọ́ sí pé ìyá ọmọ náà fẹ́ lọ. Ó fi ìwé náà sábẹ́ apá, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Ọlọ́pàá obìnrin kan ló gbà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ilẹ̀kùn, ó rántí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, ó tún ṣí i sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé yìí á mú ọ̀gá yín. Á sì mú ẹ̀yin náà." Ó ṣàlàyé fún un pé òfin kò béèrè okùn tàbí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹni tó bá dí ọ̀nà mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ níbi tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kúrò, tí òfin kò fún un láṣẹ, ó ti há a mọ́lé nìyẹn, ì báà jẹ́ wákàtí kan. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún méjì. Agogo béèrè pé ẹni tí wọ́n rán ńkọ́. Ó ní ọwọ́ tó yí kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú ẹ̀sùn.

"Ẹ kọ orúkọ mi sí i nígbà náà," Agogo wí.

Ní kóòtù, adájọ́ bi í pé kí ló dé tí kò ṣí géètì fún ẹni tó tọ́ ọ. Agogo ní, "Olúwa mi, ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí jókòó sí. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ gbóhùn sókè tó fi ní, "Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ẹrú, ṣebí o lè fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Adájọ́ wò ó, ó yíjú sí akọ̀wé kóòtù, ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan àbọ̀ fún ọ̀gá. Ó dá oṣù mẹ́fà fún Agogo, ó ní ìwé tó gbé wá ló dín in kù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn ni ó bá a sọ gbẹ̀yìn.

Lẹ́wọ̀n, bí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn tí ènìyàn wá wò, Agogo a máa fọ ojú, á gbọn aṣọ rẹ̀. Wọn kò pe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Láti ìgbà tó ti jáde, Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù ló máa ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, lábẹ́ fèrèsé tó wà ní títì, á máa gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ilé. Bí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́, á dìde dúró. Ẹ̀rọ náà á tún bẹ̀rẹ̀ padà. Ọkùnrin ayálégbé kan nínú ilé náà a máa kí i pé, "Agogo, o tún ti lù." Ẹnu ọkùnrin yìí ló ti ń gbọ́ ti Ìyá Kékeré: ó wà láàyè, ó ń tẹ ìyá rẹ̀ láago lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò tíì wálé láti ọdún mẹ́rin.

Lọ́dún kejì tó ti ń lọ síbẹ̀, nígbà tí oòrùn mú gan-an, ó gbọ́ tí fèrèsé náà ṣí. Nígbà tó gbójú sókè, ife omi kan wà lójú fèrèsé, kò rí ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ó mu ún tán, ó fi aṣọ nu ife náà, ó gbé e padà. Ó ní òun fẹ́ fi ìka kan ojú fèrèsé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnu géètì wa ló ṣì wà di òní, láti aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Òkúta la ṣì fi ń dá géètì náà dúró.