Iná Pupa Tí Mo Ṣe fún Ìyá Mi

Ibà kan ló gba etí ìyá mi. Ó dá a dùbúlẹ̀ nílé wa ní Àjídò, nígbà tí ilé ìwòsàn ìjọba kò ní oògùn kankan mọ́, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ní kí aláìsàn lọ ra abẹ́rẹ́ tirẹ̀ wá láti ìta. Nígbà tó dìde, a bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ṣì mú, àmọ́ ọwọ́ la fi ń dá a lóhùn.

Ẹja ló ń yan. Bó bá kọjú sí ààrò, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí géètì. Ebi sì ti sọ àwọn èèyàn di nǹkan mìíràn nígbà yẹn. Wọ́n á wọlé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á kó ẹja, wọ́n á jáde. Kò tilẹ̀ di dandan kí wọ́n yọ́ kẹ́lẹ́. Àwọn tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú wọn.

Èmi ti padà sílé. Ìjọba ológun ní kò sí owó mọ́, iléeṣẹ́ tí mo ti ń tún rédíò ṣe sì dá púpọ̀ nínú wa dúró. Mo ra ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé kan tó ti bàjẹ́, irú èyí tí wọ́n ń darí láti ọ̀nà jíjìn láìsí wáyà, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń kó ọjà bọ̀ láti Kútọnu. Mo tú u. Apá tó ń ránṣẹ́, mo kàn án mọ́ ẹ̀yìn géètì, kó máa ké sí ìkejì nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Apá tó ń gbọ́, mo fi sínú àpótí kan ní pálọ̀, mo na wáyà rẹ̀ sókè lórí ọparun, kó máa tan gílóòbù pupa kan lókè ààrò. Síso wọ́n pọ̀ ló bá mi fínra. Agbára inú nǹkan ìṣeré kò tó láti tan gílóòbù, àfi ìgbà tí mo fi ṣíwíìṣì kan tí mo yọ lára mọ́tò àlòkù sí àárín wọn, kí iná kékeré lè máa fa iná ńlá jáde láti inú bátìrì mọ́tò.

Ọjọ́ tó ṣiṣẹ́, ìyá mi yíjú padà kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ìwọ ni," ló fi èdè Ègùn wí. "Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti wọlé. Tún jáde, kó o tún wọlé." Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Kò pẹ́ tí àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ etí ọ̀sà fi rí wáyà orí ọparun. Wọ́n ya wọlé. Gílóòbù tàn, ìyá mi yíjú, ó bá ìbọn pàdé.

"Ìwọ lo ń fi iná júwe ọ̀nà fún àwọn onífàyàwọ́?" ọ̀gá wọn bi mí.

"Rárá o, sà. Ìyá mi ni kò gbọ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ ó rí i."

Ó pariwo mọ́ ìyá mi. Ìyá mi wo ẹnu rẹ̀ títí, kò rí ìtumọ̀, ló bá kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà kò tó àbíkẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n tú ti ara géètì àti gílóòbù, wọ́n kó wọn mọ́ àpótí, wọ́n gbé èmi náà. Mo wà ní àtìmọ́lé ní Àgbádárìgì títí irùngbọ̀n mi fi kún, kò sì sí ẹni tó tún bi mí ní ìbéèrè kankan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n mú mi lọ sílé ọ̀gá náà nítòsí Aradagun. Àpótí mi wà lórí tábìlì.

"So ó mọ́ géètì mi," ó wí. "Ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀ bí àlejò bá dé. Bó o bá ti so ó tán, máa lọ sílé."

Mo so ó. Bí mo ṣe ń dán an wò ni ọkọ̀ akẹ́rù kan wọnú ọgbà, ìrẹsì òkè òkun tí ìjọba fòfin dè kún un dẹ́nu. Gílóòbù tàn. Ọ̀gá náà fọwọ́ gbá mi léjìká.

"O mọṣẹ́," ó wí.

Nígbà tí mo délé, wọ́n ti kó ẹja lọ, àti àtẹ rẹ̀ pàápàá. Ìyá mi dì mọ́ mi, ó wá fọwọ́ béèrè àpótí. Mo fọwọ́ ṣàlàyé.

"Ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Olè ti rí ohun tí yóò máa bá a ṣọ́ olè," ó wí. Kò yan ẹja mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo wá irú ọkọ̀ ìṣeré bẹ́ẹ̀ títí. Wọ́n ní ìjọba ti ti bọ́dà, obìnrin oníKútọnu kò sì lè kó ọjà kọjá mọ́.