Ẹni Tó Ń Bọ̀ Látòkun Ló Ni Ògiri

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Edna Leadley.

Ó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó àlejò rìn kiri ìlú wa, Kettlewyke, láti èbúté títí dé orí òkè. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹja ṣawa ló ń tú nífun létí omi. Àpá ọ̀bẹ ṣì wà níka rẹ̀. Tí àlejò bá bi í pé ìwé mélòó ló kà, ìka yẹn ló máa ń nà sí i.

Ibi tí mo ti ń yan ẹja fara ti ilé rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá dín lọ́wọ́ mi, èmi ni mo máa ń rìn lẹ́yìn pátápátá, kí àlejò kankan má baà sọnù.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, àwọn tó ń fún àwọn tó ń mú àlejò rìn ní báàjì iṣẹ́ rán ọkùnrin kan wá. Pinder lorúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ẹnì kan ti lọ sọ fún wọn pé ojú Edna ti di bàìbàì. Òótọ́ ni, mi ò ní bò ó.

"Ìyáàfin Leadley, ẹ má bínú," ni Pinder wí. "Màá bá yín rìn lónìí. Tí mo bá rí i pé ojú yín ò gbé e mọ́, ẹ ó dá báàjì yẹn padà fún mi."

"Bàtà tó o wọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé òun á gbé e?"

Bàtà ọ́fíìsì ni. Ó ń dán.

Àlejò mọ́kànlá ló wá. A ò tíì kúrò ní èbúté tí kùrukùru fi dé látorí òkun. Kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Àwọn ọkọ̀ pòórá, ilé pòórá, mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi mọ́.

Pinder ní ká dúró síbẹ̀ títí kùrukùru yóò fi lọ. Edna ní èèyàn kì í dúró sí èbúté nínú kùrukùru, pé omi wà lọ́tùn-ún, omi wà lósì.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà," ni Pinder wí. "Fóònù mi á júwe ẹ̀."

"Fóònù ẹ ti gbé Kettlewyke rí?"

Ó ti lọ. À ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí òkúta, kọ́, kọ́, kọ́. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ ọ mọ́.

Edna fi ọ̀pá kan ilẹ̀ títí ó fi kan ògiri níbi tí ọ̀nà tóóró ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó di obìnrin àlejò kan lọ́wọ́ mú, ó gbé ọwọ́ náà lé ògiri.

"Kí lo bá níbẹ̀?"

"Ó jìn wọnú. Ó ń yọ̀."

Ògiri yẹn ti jẹ wọnú bí ojú ọlọ tó ti pẹ́. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ ló jẹ ẹ́. Bàbá mi, bàbá Edna, àwọn ìyàwó tó wá pàdé wọn, gbogbo wọn ló fọwọ́ wọ́ ọ délé nínú kùrukùru. Níbi tí ọ̀nà bá ti yà, wọ́n gé ojú tí ọwọ́ lè kà sára òkúta rẹ̀: ojú kan ní ìyànà kìíní, ojú méjì ní ìkejì, ojú mẹ́ta ní ìkẹta. Ìkẹta ni tiwa.

"Ọwọ́ òsì sára ògiri," ni Edna wí. "Ọwọ́ ọ̀tún sára aṣọ ẹni tó wà níwájú yín. Ẹni tó bá ka ojú mẹ́ta kó sọ̀rọ̀."

A bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Edna ò dákẹ́ àlàyé.

"Òórùn èéfín tẹ́ ẹ ń gbọ́ yìí, láti ilé Walter ni. Ẹja ni o, kì í ṣe òun fúnra ẹ̀. Àmọ́ wọ́n jọra."

"Mo ń gbọ́ ẹ o, Edna," ni mo wí látẹ̀yìn.

A ti kọjá ojú méjì nígbà tí bàtà kan ń bọ̀ látòkè. Kọ́. Ó dúró. Kọ́.

"Ta ló ń sọ̀kalẹ̀ yẹn?" ni Edna wí.

"Èmi ni. Pinder." Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Mi ò mọ ibi tí mo wà."

"Ara ògiri lo wà. Gbé ọwọ́ kúrò."

"Ẹ̀ẹ́, Ìyáàfin, tí mo bá gbé e kúrò, mo máa ṣubú ni."

"Ẹni tó ń bọ̀ látòkun ló ni ògiri, ọmọ mi. Bá a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Fẹ̀yìn ti òdìkejì, kó o dúró de Walter."

Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ti jẹun nílé. Ẹni tó ń gòkè ò tíì délé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pinder gbé ọwọ́ kúrò. Àlejò mọ́kànlá kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn kí i kú ìdúró. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ní kó di kóòtù mi mú. Ó dì í mú bí ẹní di okùn ọkọ̀.

"Mẹ́ta," ni obìnrin iwájú wí, a sì yà.

Nígbà tá a gun àtẹ̀gùn dé orí òkè, oòrùn wà níbẹ̀. Kùrukùru ti wà nísàlẹ̀ wa. Edna fọwọ́ kan èjìká àwọn èèyàn rẹ̀, ó ń kà wọ́n. Mọ́kànlá pé. Ó fọwọ́ kan Pinder.

"Èyí ò sí nínú tèmi."

Pinder rẹ́rìn-ín díẹ̀. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ti ṣí lọ. "Ìyáàfin Leadley, ṣé ẹ rí nǹkan kan rárá nísàlẹ̀ yẹn?"

"Rárá. Ìwọ ńkọ́?"

Ó wo báàjì tó wà láyà Edna. Ó ti bíírò rẹ̀ bọ àpò.

"Aago mélòó lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé?"

"Mẹ́wàá. Tó o bá ń bọ̀, wọ bàtà."

Nírọ̀lẹ́, Edna wá kan ilẹ̀kùn mi fún ẹja, báàjì láyà. Ẹyọ ṣawa kan ló ti ń rà látìgbà tọ́rọ̀ ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní méjì. Ó fi búrẹ́dì àti bọ́tà jẹ méjèèjì tán.