Kọ̀ǹpútà Tuntun, Ohùn Màmá Kò Sí

Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe ara mi lónìí.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń to kọ̀ǹpútà jọ, torí kí n lè sọ fídíò tí Màmá ti ń ki oríkì wa kí wọ́n tó kú di HD, kó mọ́ kedere.

Mo ní kí n ṣọ́wó ná. Háàdì àtijọ́ tó wà nílé, tí a ń tọ́jú fídíò àti fọ́tò sí, ni mo gbé fún bọ̀dá tó ń bá mi to kọ̀ǹpútà náà ní New Benin, ní ìlú Benin, kó lò ó dípò tuntun. Mo gbàgbé pé inú ẹ̀ nìkan ni fídíò náà wà.

Nígbà tí mo padà lọ, bọ̀dá náà ní, "Oga, I don format am. E go fast well well."

Ó yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló ti pa rẹ́.

Ọmọ mi obìnrin ní, "Daddy, play Grandma own make I hear."

Mo ní kí n kì í fúnra mi. Ìlà méjì péré ló wá sí mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ta ni Màmá kì gbẹ̀yìn? Ẹ bá mi kọ ìyókù oríkì náà sísàlẹ̀ níbí.