Abẹ́rẹ́ fún Orúnkún Mi

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní orúnkún, ìrora kò tíì lọ. Oògùn ń da inú mi rú, n kò sì lè sun oorun gidi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi oko kòkó rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó wá ń tọ́jú mi nílé mi ní Òkè-Fìà. Bí mo bá ti kérora, òun náà á dìde.

Òun ló gbọ́ nípa obìnrin kan ní Iléṣà tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wo ìrora. Dókítà mi ní kò burú. Kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́. Torí pé ó ti rẹ̀ mí láti máa jiyàn ni mo ṣe bá ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Abẹ́rẹ́ náà kò nípọn ju irun orí lọ. Obìnrin náà fi wọ́n gún mi yí orúnkún ká.

"Ṣé ó ń dùn yín, mà?"

Mo ní ó dà bíi pé èèrà ń rìn lára mi. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun gbé mi lọ, n kò mọ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo lajú, ó ti yọ gbogbo abẹ́rẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti sùn lọ lórí àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni nínú yín," obìnrin náà sọ jẹ́jẹ́.

Ìrora náà ṣì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ náà, àmọ́ kò le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Ojú tì mí pé n kò bi í rí bóyá ó rẹ òun náà.