Mo Wá Ògo Mi Lọ sí Òkè-Ìlá

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí èmi àti Tọ́míwá, ọmọbìnrin mi ọlọ́dún mọ́kànlá, fi wà ní gáréèjì Ìwó Róòdù ní Ìbàdàn. Oorun ṣì kún ojú rẹ̀, inú sì ń bí i. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta pé, "Dádì, kí la ń lọ ṣe gan-an?" Mo ní ẹ̀rí là ń lọ wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi, torí ẹni tó bá rí mi báyìí, tí mò ń ta fóòmù ìbùsùn lẹ́bàá ọ̀nà, kò lè mọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, èmi ni olórin tí wọ́n ń pè ní Bísíkíìtì Kékeré. Mo gbé àwo orin kan jáde tó ń jẹ́ "Ó Fọ Abọ́". Orin náà kò jinlẹ̀ rárá: ẹnì kan jẹ ẹran mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fọ abọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n odidi ọdún kan ni rédíò kò fi gbé e sílẹ̀. Mo wọ kóòtù funfun, mo fi jẹ́lì pa irun, àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé sì ń sunkún bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo gun orí ìtàgé lọ́jọ́ kan, mo ya ẹnu kí n kọrin, ohùn bàbá àgbà ló jáde. Àwọn èèyàn rò pé mò ń ṣàwàdà ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni pa fún mi nìyẹn.

Tọ́míwá kò gba ìkankan nínú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ikán ti jẹ àwòrán tí mo ní, àwo orin náà ti họ, ó sì ti wá mi títí lórí fóònù ìyá rẹ̀, kò rí mi. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bàbá òun fẹ́ràn àsọdùn. Ó dùn mí wọra. Kí gbogbo ayé gbàgbé mi, mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tí mo bí máa rò pé òpùrọ́ ni mí, n kò lè gbé e mì. Nígbà tí oníbàárà mi kan, ọmọ Òkè-Ìlá, wá sọ níbi tó ti ń ná fóòmù pé orin "Ó Fọ Abọ́" ni wọ́n ń kọ lójoojúmọ́ nídìí gàrí nílùú àwọn, n kò dúró gbọ́ iye tó fẹ́ san mọ́. Mo ní kó máa gbé fóòmù lọ, kó ṣáà júwe ibẹ̀ fún mi. Ó ní kí n béèrè Ìyá Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n ìyá òun.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni wọ́n gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan dé Òṣogbo. A wọ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀, ó gba Ìkìrun lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún. Ibi tí kòtò ti pọ̀ lójú ọ̀nà, awakọ̀ mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni mọ ẹbí rẹ̀: ó ń yà fún èyí, ó ń rọra kí ìyẹn. Mo wọ awò dúdú, kí àwọn olólùfẹ́ mi àtijọ́ má baà dá ọkọ̀ dúró. Kò sẹ́ni tó wò mí. Nígbà tó yá, awakọ̀ yọjú sí mi nínú dígí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ojú o. Ṣé àpólò ni?" Obìnrin tó jókòó tì mí gbé àpò rẹ̀, ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tọ́míwá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ìlá ni a ti jẹun. Ní Ìbàdàn, olóńjẹ á kọ́kọ́ bi ọ́ pé òkèlè wo lo fẹ́. Níbí, mo béèrè ohun tó wà, obìnrin náà sì wò mí bóyá ara mi yá. Iyán ló wà. Ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ ni àwo kan pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran, iyán náà sì funfun débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n tọrọ gáfárà kí n tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

A wọ ọ̀kadà láti ibẹ̀ lọ sí Òkè-Ìlá, èmi àti ọmọ mi lórí ẹyọ kan, ẹgbẹ̀rún méjì. Òkè wà lọ́tùn-ún, òkè wà lósì, igi kòkó sì dúdú lẹ́bàá ọ̀nà. Ọlọ́kadà Ìbàdàn á fun fèrè ni, á kọjá lọ. Tiwa yìí ń dẹ ẹsẹ̀ kí gbogbo àgbàlagbà tó bá rí: ẹ kú oko o, ẹ kú ìnáwó ọjọ́sí o, ara Bàbá ń kọ́? Mo ní kó sáré díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá kọjá ìyá yẹn láì kí i, họ́n á ti sọ ọ́ dé ilé wa kí n tó padà." "Họ́n" tó pè yẹn, "wọ́n" tiwa ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níhìn-ín.

Kí a tó dé ìdí gàrí ni a ti ń gbọ́ orin. Ta ló jẹ ẹran mi? Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ abọ́. Ara mi bù máṣọ. Tọ́míwá di ọwọ́ mi mú, ó sì ń wo ẹnu mi. Àwọn obìnrin bíi mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, àwọn kan ń bó ẹ̀gẹ́, àwọn kan ń kù ú, àwọn kan jókòó ti agbada gbígbóná, wọ́n ń yan gàrí. Ìyá Bọ́lá wà láàárín wọn lórí àpótí, ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún, tí kò ṣe nǹkan kan ju pé ó ń wo gbogbo wọn. Mo kí wọn, mo yọ awò dúdú, mo na ọrùn. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo kọ orin yẹn."

Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, tí ọ̀kan fi ara ti àpò gàrí kó má baà ṣubú. Ìyá Bọ́lá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́rìndínlógójì, mà."

"Ìyá ọkọ mi ló fi orin yìí kọ́ mi nídìí agbada yìí. Orin àwọn ìyá ńlá wa ni."

"Ẹ má bínú mà, ṣé ìyá ọkọ yín ní rédíò?"

"Kì í kúrò létí họ́n. Kí ni rédíò bá orin ṣe?"

Ó ní ẹni tó bá ni orin kó wá dá a. Kì í ṣe ẹnu lásán ló ń sọ. Orin ni aago wọn nídìí agbada: bí ẹnì kan bá ń lé e, wọ́n á rọra tẹ gàrí mọ́ agbada, bó bá kan "ó fọ abọ́", gbogbo ọwọ́ á yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí orin bá sáré, gàrí ò ní jinná; bó bá sì falẹ̀ jù, á jó. Wọ́n gbé àpótí fún mi, wọ́n fi àkúfọ́ igbá lé mi lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ orin náà bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà tí mo wọ kóòtù funfun, eré ni mò ń sá, mò ń mi èjìká. Gàrí ń fò. Ó wọ inú ẹ̀wù mi, ó ta mí níkùn, èyí tó kù nínú agbada sì di kókó. Ìyàwó kékeré kan fi ìbàdí tì mí kúrò. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi oúnjẹ wa ṣòfò."

Ó gba orin náà lẹ́nu mi, ó ń kọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó dé ìparí, ó gbé ohùn sókè, ó ní, "Làmídì Mọ̀kọ́lá, akin tí kì í sá fún ogun."

Èmi ni mo fi gbólóhùn yẹn sínú orin. Ẹ mọ̀ pé kò sí olórin tí kì í ki ẹni tó náwó fún un. Làmídì ń ta táyà ní Mọ̀kọ́lá, alábàágbé wa ni títí dòní, òun ló sanwó àwo orin mi. Bí n kò bá pè é ní akin, ṣé yóò ra bàtà funfun fún mi? Ẹ̀rí tí mo wá nìyí. Mo bi Ìyá Bọ́lá pé ta ni Làmídì.

Ojú ìyá náà tàn. "Jagunjagun àtijọ́ ni. Igi kan ṣoṣo ló fi lé ọ̀tá sọ̀kalẹ̀ lórí òkè yẹn. Orúkọ rẹ̀ ni mo fi sọ ọmọ ọmọ mi, sójà ni báyìí, họ́n ti gbé e lọ sí ojú ogun. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń jẹ́ Làmídì, nǹkan kì í ṣe é. Ìyẹn ni mo fi ń sùn lálẹ́."

Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ: pé oníṣòwò táyà ni Làmídì. Tọ́míwá ń wò mí. Mo wo ọmọ mi, mo wo ìyá arúgbó náà, mo sì dọ̀bálẹ̀ nínú gàrí tí mo dà sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú mà. Ó jọ pé orin mìíràn ni tèmi."

Wọ́n forí jì mí, wọ́n fún wa ní ibi tí a sùn sí àti gàrí tuntun láti gbé lọ sílé. Ṣùgbọ́n ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú ọmọ mi. Nígbà tí a ń padà lọ́jọ́ kejì, a ti kọjá Òṣogbo kí Tọ́míwá tó yíjú sí mi.

"Dádì, Làmídì tí wọ́n ń kọ yẹn, ṣé Bàbá Làmídì wa ni? Èyí tó gun orí tábìlì wa nígbà tí ọmọ ajá wọlé?"

"Òun ni."

"Mo ti mọ̀ láti ìdí gàrí."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ṣé kí n sọ níwájú Ìyá Bọ́lá pé orí tábìlì ni akin wọn máa ń sá lọ? Ọmọ wọn sì wà lójú ogun." Ó gbé àpò gàrí wa sórí itan rẹ̀. "Ṣùgbọ́n tiwọn dùn ju tiyín lọ, Dádì. Tiyín ń sáré jù."

Mo yí ojú sí fèrèsé, torí omi ti kún un. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé orin tó ti kúrò lẹ́nu ẹni dà bí ọmọ tó ti lọ sílé ọkọ. Èèyàn kì í lọ bá a níbẹ̀ kó máa pàṣẹ. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó wọlé ní Ìbàdàn. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mò ń gbọn gàrí tó ṣẹ́kù nínú bàtà mi. Tọ́míwá lọ bá ìyá rẹ̀ ní kíṣìnì, wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àwọn ará Òkè-Ìlá ṣe ń kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ní orin yẹn mà dùn o, orin ta ni?

Ó ní, "Orin Dádì ni."